Tọ́rọ́tù Méjì Nínú Ìkòkò Ọláfúnkẹ́

Ẹ̀yìn Ọjà Uselu,
Benin City.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, 1998.

Èṣùbíyì ọ̀rẹ́ mi,

A ti gbà á! Mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Sátidé, nínú mọ́tò mẹ́sàn-án, ó sì fi gígùn mọ́tò méjì ju èyí tó tẹ̀lé e lọ. Ọwọ́ tèmi yìí, ọwọ́ Jíbọ́lá tí ò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta, ló tún un ṣe. Sọ fún gbogbo ará ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tó bá fẹ́ gbọ́. Èyí tí ò fẹ́ gbọ́, sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ ti ń gbọ́ oògùn? Tiwa níbí, a dúpẹ́, a wà láàyè. Má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yẹn o, torí ó ku díẹ̀ kí n má lè sọ ọ́. Jókòó kó o kà á dáadáa, ọ̀rọ̀ náà kàn ẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì tí mo máa ń sọ fún ẹ, ará Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, òun náà ló ni ilẹ̀ tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì ní Uselu. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi mọ́tò sáré gba àyè láti díje lórí títì tuntun kan tí wọn ò tíì ṣí lápá Ekenwan, ó pè mí, ó ní: "Jíbọ́lá, BMW mi yìí gbọ́dọ̀ borí. Tó bá borí, ọdún mẹ́ta lo máa lò lórí ilẹ̀ yìí láìsan kọ́bọ̀. Tó bá dójú tì mí, kó irinṣẹ́ rẹ kúrò kí oṣù yìí tó parí." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ mo mọ ẹ̀rín àwọn ará báńkì.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe lára ẹ́ńjìnnì náà, tọ́rọ́tù ló kù. Bí mo ṣe là á yé ọkùnrin náà nìyí: tọ́rọ́tù ni ọ̀fun tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ìdérí pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀. Tó o bá tẹná, ó ṣí, atẹ́gùn ya wọlé. Tó o bá gbẹ́sẹ̀, ó pa dé. Inú ẹ̀ dùn, ló bá ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náírà sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ, ìwọ náà sì fi méjì ránṣẹ́ kí n fojú ara mi yàn. Ọ̀kan tóbi, tuntun nínú páálí, ó ń dán yanran. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ tó o fi ìwé ìròyìn wé, tí ẹnu ẹ̀ kàn fẹ̀ díẹ̀ ju ti inú mọ́tò náà lọ. O wá kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé: "Ńlá ni kó o mú, ẹgbẹ̀rún márùn-ún tìẹ wà nínú ẹ̀. Tòkunbọ̀ yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án péré ni. Kí lo fẹ́ rí jẹ níbẹ̀?"

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn wọ̀ mí lójú. Mo rí i pé ẹnu ńlá yẹn ju ibi tó máa jókòó lé lọ, àmọ́ mo gbé fáìlì, mo ha ibẹ̀ títí ó fi gbà á. Mo fọwọ́ ṣí ìdérí ẹ̀, ó pa dé, pẹ́ẹ̀! Bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ àwa méjèèjì ní Iléṣà náà nìyẹn: gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ṣí i, tó bá pa dé, sanwó. Ọ̀gá ò sọ fún wa pé ohun tó gbọ́ràn ní tútù lè ya aláìgbọràn tí iná bá rà á.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, èmi àti Osaro gbé mọ́tò náà jáde lọ́nà Ekiadolor. Osaro ni dírẹ́bà Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, ọmọ Bìní, òun náà ló máa wà á lọ́jọ́ ìdíje. Ha, mọ́tò fò! Mo ń lu ẹsẹ̀ mi, mo ń pariwo, "Èmi ni! Èmi Jíbọ́lá ni!" A ti sáré bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, la bá rí tírélà kan tó rù pákó níwájú. Osaro gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Mọ́tò ò gbọ́. Ńṣe ló tún ń ké sí i. "Oga, I don comot leg o! E no gree come down!" Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń tì wá lọ, bíréèkì ń rùn. Ìdí tírélà yẹn ń sún mọ́ wa, Èṣùbíyì, mo rí ìṣó tí wọ́n fi kan pátákó ẹ̀yìn ẹ̀. Osaro na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù, torí tó bá fi ìpayà fà á yọ, sítíárìn á há, a ò sì ní lè yà mọ́. Mo ní, "March clutch!" Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo gbá jíà sí fírì. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa. Osaro yà sínú koríko, a fò lórí kòtò kan, a dúró. Tírélà ń bá tiẹ̀ lọ.

Osaro sọ̀ kalẹ̀, ó bì. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó wò mí: "Oga Jibo, na you fix this thing?"

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdérí tọ́rọ́tù há sí ṣíṣí, mo tì í, kò mira. A jókòó sínú oòrùn títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, ó bá rọra pa dé fúnra ẹ̀, bí ọmọ tó jẹ ẹran nínú ìkòkò tó wá ń nu ẹnu.

Láàárọ̀ Fúráídeè, mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì pé ńlá ń há tó bá gbóná, pé mo fẹ́ yọ ọ́, kí n fi tòkunbọ̀ sí i. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí ìdérí náà. Pẹ́ẹ̀, ó pa dé. Ló bá gbaná jẹ: "Irọ́ lò ń pa! O fẹ́ tún un tà fún ẹlòmíì. Tí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi lọ́la, èyí tó ń dán yìí ni wọ́n máa rí. Osaro, bẹ́ẹ̀ náà lo máa wà á." Osaro ń wolẹ̀. Ọmọ méjì ló ní, àbúrò ò tíì rìn. Mo ronú ẹ̀: tí mo bá dákẹ́, bóyá á sáré dé, kí ilẹ̀ mi sì dúró. Bóyá á kú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lọ nìyẹn.

Ni mo bá tú ńlá kúrò lára mọ́tò, mo gbé e wọlé, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó mi síná, mo pọn omi kún un, mo ju tọ́rọ́tù méjèèjì sínú ẹ̀. Ọláfúnkẹ́ figbe ta: "Bàbá Yétúndé, nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi? Ṣé irin lẹ máa jẹ lónìí ni?" Mo ní kó jẹ́ kí omi hó ná. Nígbà tó hó kùtùkùtù, mo pe ọ̀gá báńkì sí ìdí àdògán pẹ̀lú táì lọ́rùn ẹ̀. Mo fi píláyà yọ tòkunbọ̀, mo fi sukurudíráfà ṣí i: pẹ́ẹ̀, ó pa dé. Mo yọ ńlá. Mo ṣí i. Ó là sílẹ̀ báyìí, bí ẹnu ẹja òkú. Ọkùnrin náà yọ báírò nínú àpò, ó fi ti ìdérí náà. Kò lọ. Ó tún tì í, báírò dá.

Ó wo Osaro, ó wo báírò. Ó ní, "Fi kékeré yẹn sí i." Mo fi páálí tó nípọn gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun fún un lọ́wọ́, kí atẹ́gùn má bàa jò. Ibi tí mo ti ha ju bó ṣe yẹ lọ ò dà mí láàmú, torí atẹ́gùn tó ti ojú tóóró bọ́ sí ojú gbòòrò kì í kọsẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi mí ṣe tíṣà?

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò lè wò ó. Mo kọ ẹ̀yìn sí títì, mo ń fetí gbọ́. Àwọn mọ́tò yòókù tó ní ọ̀fun ńlá ń bú ramúramù níbẹ̀rẹ̀, tiwa gbéra bí ẹni yọ̀ lórí epo. Àwọn èèyàn pariwo, àmọ́ kì í ṣe ariwo wọn ni mò ń dúró dè. Mo ń dúró de ìgbà tí Osaro máa gbẹ́sẹ̀. Ó gbé e. Ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó rọlẹ̀ pátápátá. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ti buwọ́ lùwé ọdún mẹ́ta fún mi, báírò mi ló yá.

Mi ò sọ pé o mọ̀ pé nǹkan yẹn ń há, Èṣùbíyì. Ọ̀nà kan náà la jọ kọ́ láti fi dán an wò. Àmọ́ tí irú ẹ̀ bá kù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ, gbé omi kaná. Má tà á fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọlọ́run á la ọjà fún ẹ. Ẹsẹ̀ ẹ á mókun. Ìròyìn òfò ò ní dé ọ̀dọ̀ ìwọ tàbí èmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tá a jọ sùn lórí ẹní kan ní Iléṣà,
Jíbọ́lá Títíloyè.

Ohun tó kù: mo fi ńlá náà rán dírẹ́bà mọ́tò èrò tó mú lẹ́tà yìí wá, ó wà nínú páálí ẹ̀, kò sí ohun tó dín. Yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tòkunbọ̀ kúrò nínú owó Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì. Má yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún kankan fún mi, mi ò jẹ ẹ́ mọ́. Mo ti fi orúkọ mi dúró fún ẹ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ló kù lọ́wọ́ rẹ, kó dé Uselu kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráídeè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí.