Kòtò Búlọ́ọ̀kù Yín Ni

Bàbá mi tí mò ń ṣàárò,

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kòtò tí ẹ gbẹ́ sẹ́yìnkùlé, tí ẹ ti ń pọnmi po sìmẹ́ńtì búlọ́ọ̀kù, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń kó ibà ran Àlíyà ọmọ mi ti ń jáde. Mi ò kàn mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín ni.

Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọn ló là mí lóye. Wọ́n á wá fi ife bu omi kòtò náà, wọ́n á tún wọ yàrá wa láàárọ̀, wọ́n á kó ẹ̀fọn tó bà sára ògiri, wọ́n á lọ là á wò bóyá ó gbé kòkòrò ibà. Ohun tó bí mi nínú rèé: nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, tí ẹ̀fọn ń hó létí wa bí ọjà Tákíè, díẹ̀ nínú wọn ló gbé e. Ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n dín kù, àwọn arúgbó ẹ̀fọn tó ṣẹ́ kù ló ń gbé e jù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa ń ní ká ká nẹ́ẹ̀tì, tí ẹ máa da àgbo dóńgóyárò nù! Ṣé ẹ rántí?

Ara Àlíyà gbóná janjan níjẹta. Ó ti lo oògùn, ó ti ń béèrè bísíkíìtì, ṣùgbọ́n èmi ò yé fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

Mo ní kí n da yẹ̀pẹ̀ dí kòtò náà. Bọ̀dá Ráṣídì pariwo mọ́ mi lórí fóònù láti Ọ̀yọ́: ọwọ́ yín lẹ fi gbẹ́ ẹ, àwọn ò ní gbà, àfi tí ẹ bá sọ fún àwọn lójú àlá. Ojú àlá, Bàbá! Àwọn wà l'Ọ̀yọ́, èmi àti ẹ̀fọn la wà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó ti sú mi.

Mo mọ̀ pé kòtò yẹn lẹ fi rán wa níléèwé. Mo ṣì ń rí yín létí rẹ̀, tí ẹ ń fi fìlà na ẹ̀fọn tó bà yín lẹ́sẹ̀, tí ẹ ń pè é ní olè. Ṣé ẹ máa fẹ́ kí n fi ẹ̀mí ọmọ ọmọ yín tọ́jú kòtò ni?

Típà yẹ̀pẹ̀ ń bọ̀ láàárọ̀ Jímọ̀. Mi ò ní dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀ kí típà náà tó dé. Ẹ má wá sójú àlá tèmi o, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ lọ.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn mi,
Ìyá Àlíyà.

Ẹ tètè fèsì.