Bàbá, Mo Ti Fi Òróró Ba Bàtà Yín Jẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kí Ọlọ́hun máa kẹ́ yín, kó sì fẹ ibojì yín lójú. Ara wa le. Ìyá wa ti ń sùn dáadáa, wọ́n sì ti ń jẹ oúnjẹ wọn tán. Mùfú, àbúrò mi, ti gbéyàwó. Ẹ bá wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nìkan ló mú mi jókòó kọ̀wé sí yín lónìí. Bàtà yín ni, èyí tó pọ́n bí iyanrìn, tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sí yídì. Mo ti bà á jẹ́.

Nígbà tí ẹbí jókòó ní Òwu láti pín ẹrù yín, wọ́n bi Mùfú pé kí ló fẹ́. Ó ní bàtà yẹn ni, pé òun á wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá so yìgì òun. Òun tó ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀ láti ilé ìwòsàn, tó ń bomi àlùwàlá sí yín lọ́wọ́ nígbà tí apá yín ò gbé kẹ́tùlù mọ́, bàtà nìkan ló bèèrè.

Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kó àwọn ohun aláwọ yín lọ sí ilé mi ní Itori, kí n tọ́jú wọn kó tó di ọjọ́ yìgì: báàgì tí ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká lọ sí ṣọ́ọ̀bù fìlà yín ní Ìtòkú, àpò awọ ewúrẹ́ tí ẹ ń fi Kùránì sí, àti bàtà náà. Ẹ mọ ìdí tí mo fi bèèrè. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Èkó ni mo wà, lẹ́nu iṣẹ́ tí mo máa ń wọkọ̀ lọ láràárọ̀. Kí n tó dé, wọ́n ti wẹ̀ yín, wọ́n ti dì yín. Mo rò pé bí mo bá fi ọwọ́ ara mi tọ́jú ohun tó kan ara yín, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Òjò ti ṣe báàgì náà nínú àpótí, ó ti bu, ó funfun. Mo ra ìgò òróró awọ kan bọ̀ láti Èkó. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé awọ dídán ló wà fún. Mi ò kà á. Mo nu báàgì náà, mo fi òróró pa á, ó sì mu ún bí ẹni tó gba ààwẹ̀. Ó rọ̀, ó dán, inú mi dùn. Mo da púpọ̀ sí àpò Kùránì, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó wá ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kàkà kí n dúró níbẹ̀ kí n ronú, mo fa bàtà.

Bàbá, bàtà yín kì í ṣe awọ dídán. Inú awọ ni wọ́n yí síta, tí wọ́n ha títí tó fi rí múlọ́múlọ́ bí ara òròmọdìyẹ. Bí òróró ṣe kàn án ni irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú ibẹ̀ sì dúdú. Mo rí i. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ṣùgbọ́n mo ní bóyá tí mo bá fi kan gbogbo rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dọ́gba. Mo sì fi kan gbogbo rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́, Bàbá?

Ṣé pé mi ò rí yín rí ni? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Alámìsì, lẹ́yìn ìrun alásárì, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì yín. Báàgì ní ìpara tirẹ̀, èyí tó ki, tí ìda oyin wà nínú rẹ̀, nítorí pé oòrùn àti òjò ló máa ń nà án. Àpò awọ ewúrẹ́ ní tirẹ̀, èyí tó ṣàn bíi wàrà, ẹ ó kàn fi àkísà tọ́ ọ wò ni, torí awọ tín-ín-rín kì í pẹ́ yó. Bàtà yìí ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń jókòó tì yín, fóònù lọ́wọ́. Kí ni mò ń wò nínú fóònù yẹn? Mi ò rántí ẹyọ kan níbẹ̀.

Mo da ìyẹ̀fun àgbàdo sórí bàtà náà kó fa òróró jáde, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Díẹ̀ jáde. Ìyókù dúró bí ibi tí omi ta sí tí kò gbẹ. Mo gbé e lọ sí Òwu bẹ́ẹ̀.

Mùfú gbà á, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi pa á?”

“Òróró awọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́, Mùfú. Mo rò pé mò ń tún un ṣe ni.”

“Òróró? Sára bàtà yìí? Ẹ ò wo Bàbá rí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é ni? Àbí ìgbà wo lẹ tiẹ̀ ń wà nílé?”

“Mùfú, ó tó,” Ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá.

Kò jù ú nù. Ó rọra tì í sábẹ́ àga, ó jáde. Ì bá tiẹ̀ jù ú lù mí, ì bá tù mí lára.

Bàtà dúdú tuntun ló wọ̀ lọ́jọ́ yìgì. Àlùfáà ń ṣàdúà fún yín, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín, èmi ń wo ẹsẹ̀ Mùfú. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá pè é, á ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kí wọn nílé, ó tán.

Nígbà tó ṣe, ó yọ sí mi ní Itori lọ́jọ́ Sunday kan, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Sálúbàtà awọ yín ló gbé dání, èyí tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sí mọ́sáláásí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti rí i. Okùn rẹ̀ ti gan, ó ti ń sán.

“Ẹ bá mi ṣe é.”

“Èmi kọ́. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Mùfú.”

“Ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún.”

A jókòó síwájú ilé. Mo ta omi díẹ̀ sí i. Ó mu ún kíá, mo mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo jẹ́ kó gbẹ. Mo mú ìpara onída oyin, mo fi kan abẹ́ okùn níbi tí ojú ò tó, a sì dúró ká wo bó ṣe máa rí. Ibi tí a ti ń dúró ni Mùfú ti sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

“Ẹ ò tíì bi mí nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn rí.”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Bàbá ní kí n pè yín. Bí mo ṣe mú fóònù, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹ ó ti wà nínú ọkọ̀, kí n má da ọkàn yín rú lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ débi iṣẹ́ ná. Mo gbọ́ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi, kò yẹ kí n gbọ́ tiwọn. Ẹ ì bá bá wọn láyé.”

Ó ń sunkún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìpara ṣì wà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé èmi nìkan ni mò ń ru ẹrù yìí. Mi ò mọ̀ pé ó wà lórí òun náà, tó sì ń gbé e kiri láàárín wa.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ní kó má pè mí? Ǹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ǹ bá sáré wálé. Àbí ẹ rò pé mi ò ní wá? Èyí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, ju ọ̀rọ̀ bàtà lọ. Ẹ má bínú sí mi. Mùfú ò ṣẹ̀ yín. Tí ẹ bá lè wá bá a lójú àlá, ẹ sọ fún un.

Sálúbàtà náà rọ̀. Mùfú wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀. Ó tóbi fún un díẹ̀, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó pẹ́ kó tó dé, tó sì fẹ́ràn yín gan-an.