Fíìmù Tí Èmi àti Ọkọ Mi Ń Jiyàn Lé Lórí

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Inú ìyàwó ọ̀ṣìngín ń dùn ṣìnkìn o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fíìmù télọ̀ tó rán aṣọ ìgbéyàwó fún orogún ara rẹ̀ wò. Ọkọ mi ní ti àwọn olè tó jí ọkọ̀ òkú ló dùn jù. Mo kọ ọ́ sí bébà lára fíríìjì pé, "Irọ́ ni, olówó orí mi!" Nígbà tó fi dé láti ibi iṣẹ́ òru rẹ̀, mo ti lọ síbi iṣẹ́ tèmi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kí lo mọ̀ nínú fíìmù?" Mo rẹ́rìn-ín títí! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tá a ti ń jiyàn lórí bébà yìí.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ tan fíìmù télọ̀ náà, kí ẹ pè mí. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, kí n ṣáà máa gbọ́ ẹ̀rín yín bí èmi náà ṣe ń dá wò ó níbí.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní mo ti sanra.

Àbúrò yín.