Òórùn Sìgá Lẹ́yìn Ilé Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kun o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí òjò ọdún yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, á pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ilé wa ní Gadumo ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Orúnkún ń dun Màmá, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́ àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ṣì wà ní ọ́fíìsì, níbi tí a ti ń to fáìlì. Ooru Lokoja ò tíì kọ́gbọ́n. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹ ó wá jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn, ẹ ó kọjú sí Mount Patti bí ẹni tó ń bá òkè náà ṣàríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé yìí wúwo lẹ́nu mi. Bàbá, láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni mo ti ń mu sìgá.

Ẹ má tíì bínú. Nígbà tí a sin yín tán tí a padà dé láti abúlé, Màmá ní kí n kó aṣọ yín jọ. Inú àpò kaftan yín tó ní àwọ̀ ilẹ̀ yẹn ni mo ti rí páálí sìgá kan. Ẹyọ méje ló kù nínú rẹ̀. N kò lè jù ú nù. Mo fi í sáàárín aṣọ mi, mo sì máa ń ṣí i kí n lè gbọ́ òórùn yín. Nígbà tó di bí oṣù méjì, òórùn náà ti ń lọ. Mo mú ẹyọ kan lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣáná sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ mu ún. Èéfín rẹ̀ ni mo fẹ́. Ó wá ń kú lọ lọ́wọ́ mi, ni mo bá fi sẹ́nu, mo fà á kó má baà kú. Mo wúkọ́ títí omi fi dà lójú mi. Ṣé bó ṣe ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí.

Kí ẹyọ méje náà tó tán, ara mi ti ń bèèrè fún un. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kabawa, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ọkùnrin Nupe kan wà níbẹ̀ tó ń ta tíì, ó sì ń ta sìgá pẹ̀lú. Ojú tì mí láti sọ pé èmi obìnrin tó wọ aṣọ ọ́fíìsì yìí ni mo fẹ́ mu ún. Mo ní bàbá mi ló rán mi. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi lókèèrè, á ti nawọ́ sí páálí.

"Àǹtí, Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní kí wọ́n máa rọra mu ún."

Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi gba ìkíni fún yín, tí n kò sì rí ibi jẹ́ ẹ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Bí Màmá bá lọ àdúrà ni mo máa ń mu ún, lórí ìjókòó yín lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tètè dé. Mo ti pa á, mo ti fọ ẹnu, mo ti wà nílé ìdáná. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé, ojú wọn ń dán.

"Bàbá rẹ wá."

"Bàbá wo, Màmá?"

"Bàbá rẹ! Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ níbi tó máa ń jókòó sí. Ó wá wò wá."

Bí wọ́n ṣe ń rokà lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń kọrin, Bàbá. Láti ìgbà ìsìnkú yín, n kò tíì gbọ́ orin lẹ́nu wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu? Nígbà tó yá, bí òórùn náà bá wà níbẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á máa ròyìn fún yín: ẹni tó bímọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ṣàìsàn, orúnkún tó ń dùn wọ́n. Èmi á dúró sẹ́yìn fèrèsé bí olè.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Bí mo ṣe wúkọ́ lọ́jọ́ kan ní ọ́fíìsì, ohùn ikọ́ yín gan-an ni mo gbọ́. Mo lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn, ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ló bi mí bóyá mo ń mu sìgá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún láyé. Kò bú mi. Ó ní ṣingọ́mù kan wà tó ń pẹ̀tù sí ara tó ń bèèrè sìgá, pílásítà kan sì tún wà tí èèyàn ń lẹ̀ mọ́ apá láràárọ̀ fún iṣẹ́ kan náà. Nígbà tó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa lo ṣingọ́mù náà, ó ní, "Ẹ má jẹ ẹ́ bíi tàwọn ọmọdé o. Ẹ rún un díẹ̀. Bó bá ti ń ta yín lẹ́nu, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó sinmi."

Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ẹ̀yin ni mo rántí. Nígbà tí ẹ fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, èmi ni mo rán èèyàn ra irú rẹ̀ wá fún yín láti Àbújá, n kò sì ka ìwé tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹran, ẹ ń gbé itọ́ rẹ̀ mì, òsúkè sì ń ṣe yín láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ ní àwọn ọ̀tá yín ló ṣe é. Ẹ padà sórí orógbó, ẹ padà sórí pákò tí ẹ máa ń fi sápò níbi tí páálí sìgá ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ fi mú un mọ́ra láìmu sìgá.

Ọjọ́ ogún ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ti bá Màmá jà láàárọ̀, ẹ sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà. Ẹ wá pè mí. "Ọmọ mi, ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré, mi ò ní bèèrè mọ́." N kò bá yín jiyàn rárá. Mo sáré lọ rà á, mo sì bá yín ṣáná sí i. Nígbà tí Màmá dé tí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n pariwo lé yín lórí. Ẹ doríkodò, ẹ ò sọ ẹni tó rà á. Èmi wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti gbìyànjú mọ́. Ẹ ti kú tán, Màmá ṣì ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ ò ní ìfaradà. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi, Bàbá?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo pílásítà àti ṣingọ́mù náà. Ọjọ́ kejìlá, mo ṣubú, mo mu ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì ní kí n dìde, kí n máa bá a lọ, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣubú kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ pátápátá. Mo dìde. Ẹ̀yìn ilé wá mọ́, kò sí òórùn kankan níbẹ̀ mọ́. Màmá ń dúró síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fa imú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí.

"Bàbá rẹ ò wá mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? Àbí ohun tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ló gbọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti èéfín, àti ti ọjọ́ ogún. Wọn ò lù mí, wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n fi pílásítà náà hàn wọ́n. Mo ká apá aṣọ mi sókè. Wọ́n fi ìka kan kàn án.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, Màmá."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ mi nìkan ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Gbogbo ara mi ń bẹ̀ mí pé kí n lọ sí Kabawa. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo fẹ́ lọ rí nọ́ọ̀sì, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wé gèlè. "Jẹ́ ká lọ." Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ilé wa ti gbìyànjú láti fi sìgá sílẹ̀ rí. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti dáhùn.

"Ọkọ mi. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi bá a jà. Kò rẹ́ni ràn án lọ́wọ́ ni."

Wọn ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí. Ọ̀nà iwájú ni wọ́n ń gbà wọlé báyìí bí wọ́n bá ti àdúrà dé. Mo mọ̀ pé èmi ni mo gba àlejò wọn lọ́wọ́ wọn. Ṣé ó yẹ kí n ti dákẹ́? Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ò sì lè dáhùn.

Òùngbẹ sìgá tún ń bọ̀ báyìí, bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọwọ́ tí mo fi di bírò mú ti ń làágùn. Nọ́ọ̀sì ní kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ bí èèyàn bá lè mú un mọ́ra. Mo ti fi ṣingọ́mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ti jókòó sórí ọwọ́ mi òsì. Mò ń mú un mọ́ra, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.