Iná Tanátaná fún Inú Bàbá Rẹ

Ọmọlará Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé yàrá rẹ ní Igbó-Elérin kò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ìwé mẹ́fà tí mo kà náà ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lórí fóònù létí bàbá rẹ.

Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Inú bàbá rẹ ṣì wú, ó le lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ògì nìkan ló ń mu. Dókítà ìlú wa ní ká gbé e wá sí Èkó kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, ó fàáké kọ́rí. O ṣáà mọ̀ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Akínọlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, òkú rẹ̀ la gbé jáde. Bàbá rẹ ní ọ̀bẹ kò ní kan òun láyé.

Ìgbà tí o fi àwòrán iṣẹ́ ìwádìí tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ń ṣe ránṣẹ́ sí fóònù Ẹ̀hìndé, tíṣà ilé kejì, ni nǹkan yí padà. A rí eku funfun tó sùn, tí ohun kan ń tàn nínú ikùn rẹ̀. O ní jẹjẹrẹ ni, pé ẹ ti fi iná tanátaná sí i kí ẹ lè máa rí ibi tó ń rìn dé láìla eku náà. O tún ní ohun aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n rí lára ẹ̀dá inú òkun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, bí ẹ bá tan iná aláwọ̀ aró sí i, òun náà á mọ́lẹ̀. Mo bi Ẹ̀hìndé bóyá àwọn oníná mọ̀ sí i, kí wọ́n má lọ já wáyà ọkọ mi nígbà tó bá kàn án.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ tí kò jáde síta láti oṣù mẹ́ta gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń fi fìlà mú tanátaná. Mọ́kànlélógún ló mú. A kó wọn sínú agolo mílíìkì, mo dá ìdérí lu, mo fi ewé tútù sí i. Ó ní bí ẹ bá lè rí ohun tó wà nínú òun láìfọ̀bẹ kan òun, òun á wá. Ó jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Wàsíù awakọ̀ ló ń gbé agolo náà bọ̀ wá bá ọ ní Iyana-Iba pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá ti kú, má sọ fún bàbá rẹ.

Àbẹ̀kẹ́, mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O ní eku nìkan lẹ ń ṣe é fún, ẹ kò tíì ṣe é fún èèyàn, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀bẹ náà ló máa kàn. Mo gbọ́ dáadáa. Ó dùn mí pé eku ti rí iná, ọkọ mi wà lókùnkùn. Bá mi bẹ ọ̀gá rẹ, bóyá díẹ̀ lè ṣẹ́ kù lára ti eku. Bí kò bá ṣẹ́ kù, wá dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kí o sì dúró ti bàbá rẹ títí wọn yóò fi ṣe é tán.

Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní já sí asán, iná rẹ kò ní kú, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

N kò tíì sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀bẹ lè kàn án. Ó ti kó aṣọ rẹ̀ sápò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adébímpé