Kí Ni O Sọ Kí Wọ́n Tó Tẹ̀ Ọ́ Bọmi?

Olúwaṣeun, Àlàó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara tí wọ́n rì sínú omi láàárọ̀ Sọ́ńdè ti gbẹ, tí òtútù kò sì mú ọ láyà? Ọlọ́run tó dá ọ sí nínú omi yóò dá ọ sí lórí ilẹ̀, ọkọ̀ kò ní gbá ọ ní Táíwò Road, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ò ń lò níbẹ̀ kò ní jẹ ọ́ níka. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kì í dùn ún tí wọ́n bá pè é síbi ayò. Àgbàdo wa ti yọ irùkẹ̀rẹ̀, màlúù kò tíì rí i. Èmi ṣì ń ta ẹ̀pà àti gààrí fún àwọn ọmọ yunifásítì ní Malete, wọ́n sì ń gba àwìn bí ẹni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá kọ́ nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé, nígbàkúùgbà tí mo bá bi ọ́ ní ìbéèrè tó le lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bàjẹ́. Bí mo bá ní kí lo jẹ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Bí mo bá ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ, ó bàjẹ́. Bébà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Garba onímọ́tò ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo sì ti ní kó dúró gba èsì.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀bọmi yẹn ni. Ìwọ lo pè wá pé Díákónì, bàbá Túnmiṣe tí o fẹ́ fẹ́, sọ pé ìsàmì tí a ṣe fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ kì í ṣe ìtẹ̀bọmi, nítorí pé o kò tíì gbàgbọ́ nígbà náà, àti pé òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ Jésù lọ́wọ́, àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bọmi tán. Inú bí bàbá rẹ. Ó ní ṣé omi tí àlùfáà wọ́n sí ọ lórí, omi ẹ̀bà ni? Ó ní àgbò tí òun pa lọ́jọ́ náà ńkọ́, ṣé Díákónì yóò san án padà? Èmi náà kọ́kọ́ bá a bínú, àmọ́ nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ọkùnrin yẹn jàre díẹ̀. Ta ló dáhùn fún ọ lọ́jọ́ ìsàmì? Ìyábọ̀dé àbúrò bàbá rẹ ni. Àlùfáà bi í pé ṣé ọmọ yìí kọ èṣù àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Ìyábọ̀dé ní ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ ń sùn. Òun tó kọ èṣù sílẹ̀ fún ọ, ká tó jẹun tán lọ́jọ́ náà ó ti bá ìyàwó àlùfáà jà lórí itan àgbò. Bí onígbọ̀wọ́ ẹni bá rí báyìí, ó yẹ kéèyàn lọ fẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà.

Nígbà tí Sọ́ńdè náà pé, o ní a lè wò ó lórí fóònù. Fóònù tèmi kò ní ju bọ́tìnnì lọ, nítorí náà mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abdulmateen, Mùsùlùmí tó ń bá gbogbo abúlé ṣaájì fóònù, kí n fi tirẹ̀ wò ó. Mo wọ aṣọ ìsìn, mo wé gèlè, torí mi ò mọ̀ bóyá bí mo ṣe ń rí wọn ni wọ́n ṣe ń rí mi. Bí Díákónì ṣe yọjú nínú fóònù, mo kúnlẹ̀ kí i. Kò dáhùn. Mo ní áà, ìgbéraga ti bẹ̀rẹ̀ ká tó di àna.

Mo wá rí ibi ìtẹ̀bọmi yín ní àdúgbò Fate nígboro. Ẹ̀yin ará ìlú! Nígbà èwe mi ní Ọ̀mù-Àrán, odò ni wọ́n ń lọ, ẹni tó bá gbàgbọ́ nìkan ló máa gbà kí eṣúṣú jẹ òun lẹ́sẹ̀. Tiyín, táìlì aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ọkùnrin kan sì ń da omi gbígbóná kún un. Oníyàwòrán wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan sì dúró pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì bíi pé òtẹ́ẹ̀lì lẹ wà. Èṣù tí wọ́n ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lé, ìgbà wo ló máa lọ? Yóò ní kí wọ́n fi ọṣẹ kún un.

Àwọn ọkàn pupa kéékèèké wá ń fò gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Mo bú sẹ́kún. Mo ní ẹ wo ọkàn àwọn tí wọ́n tẹ̀ bọmi bó ṣe ń re ọ̀run. Abdulmateen ní ìyá, ẹ má sunkún, àwọn tó ń wò ó ló ń tẹ̀ ẹ́ láti fi hàn pé ó wù wọ́n. Mi ò gbà á gbọ́. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ ni?

Ó wá kàn ọ́. O wọnú omi, ojú rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì mọ ibi tí ò ń wò, Túnmiṣe ló dúró síbẹ̀. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé ọ léjìká, ó bi ọ́ pé ṣé o gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn, láìjẹ́ pé ẹnì kan fipá mú ọ. O la ẹnu. Ibẹ̀ ni ohun gbogbo dúró.

Ẹnu rẹ là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Pásítọ̀ kò mira. Omi pàápàá kò mira. Nǹkan róbótó kan wá ń yí lójú rẹ, ó ń yí, ó ń yí. Mo ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló dé. Ó yí títí, mo ní rárá, ọmọ yìí ló ń rò ó. Mo ní yéè, ọmọ mi ti yadi níwájú Ọlọ́run àti níwájú àna! Mo já fóònù gbà, mo gbé e sẹ́nu, mo pariwo pé ó gbàgbọ́ o, Pásítọ̀, ó gbàgbọ́, èmi ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́! Àwọn tó wá ṣaájì fóònù sá jáde. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwòrán mira, o ti ń jáde, omi ń ro lára rẹ, gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Mo ní wọ́n ti gbọ́ mi. Mo fò sókè.

Abdulmateen ló ba ayọ̀ mi jẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dúró, wọ́n ti parí tiwọn kí n tó pariwo. Ó wá ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní níyà, ìyẹn ni pé kó ti pinnu rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, bí kò bá sí níyà, omi lásán ló dà sára, ìyá ẹni ò sì lè bá èèyàn ní níyà. Mo ní kó lọ bójú tó ṣaájà rẹ̀. Mo délé, mo rò ó fún bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé orúnkún, ó ní Ìyábọ̀dé kejì, ẹ káàbọ̀.

Mo gbé ẹ̀bà mi tì, mo lọ wá bébà. Tí kì í bá ṣe ohùn mi ni wọ́n gbọ́, ohùn ta ni? Kí lo sọ, Olúwaṣeun?

Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lo sọ fún tíṣà pé o fẹ́ràn iṣẹ́ oko, torí pé mángòrò wà lóko ilé-ìwé. Bí o bá sọ pé o gbàgbọ́, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ, inú mi dùn, àní kí eṣúṣú má tiẹ̀ jẹ ọ́. Bí o bá sọ pé kò tíì dá ọ lójú, tí pásítọ̀ kàn tẹ̀ ọ́ nítorí pé èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ, kò burú, o ti wẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Túnmiṣe lo gbàgbọ́, tí o wá fi orúkọ Jésù pè é, lọ bá Díákónì kí ọjọ́ ìdána tó pé, kí o sọ fún un. Bó bá lé ọ, máa bọ̀ nílé, iṣu wà. Ọmọ náà dára, mo rí i, mi ò bá a jà. Àmọ́ ilé tí ẹ bá fi irọ́ ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbé inú rẹ̀, Díákónì kò ní bá yín sùn níbẹ̀. Kó o sì bá mi bi Túnmiṣe náà wò, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbọ́, àbí nítorí pé bàbá rẹ̀ ló di kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mú?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Abdulmateen ní mo jẹ dátà òun tán. Mo ní ìgbà tí ohun gbogbo dúró yẹn, kó yọ ọ́ kúrò, torí mi ò rí nǹkan kan wò. Ó kọ̀. Fi tirẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú owó ajílẹ̀ àti ti ìpara orúnkún bàbá rẹ. Garba ni kí o kó o fún, má fi í sí báǹkì mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó gbígbó ni wọ́n kó fún mi, mo sì mọ̀ pé owó tuntun lo máa fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Má ní kí Túnmiṣe bá ọ kọ èsì. Òun kọ́ ni mo bi.

Kí Olúwa tọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Kí omi tí o wọ̀ má jẹ́rìí lòdì sí ọ. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ àti ọ̀rọ̀ inú rẹ máa bá ara wọn délé. Mi ò ní bá ọ ṣe àmín sí i. Ìwọ ni kí o ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀ní.