Àbámodá Màámi

Ọjọ́rú, 2 Júláì 2025

Ewé méjì tún já lára àbámodá Màámi lónìí. Mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ìdí igi náà ti dúdú. Àbámodá o! Ohun tó ń hù lórí ògiri láìsí ẹni tó gbìn ín. Tèmi ló wá ń jẹrà.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí la ó ṣàdúà ọdún kan Màámi n'Íjẹ̀bú-Igbó. Èmi ni mo tọ́jú wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé, èmi ni wọ́n fa ìkòkò náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní tó bá pé ọdún, kí àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ewé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kí a lọ gbìn ín sílé wa. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ báyìí?

Ọjọ́bọ̀, 3 Júláì

A kì í da omi àlùwàlá nù nílé yìí. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú búùtà, ìdí àbámodá là ń dà á sí — èmi, Moshood ọkọ mi, Fọláwẹ̀mí ọmọ wa, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Mo ní kí láádá rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ Màámi. Síbẹ̀ ó ń rà. Mo fi kún omi.

Ní òdìkejì àgbàlá, Ọlọ́wọ́-tútù ń kọrin fún ewé. Ṣìkẹ́mi, aládùúgbò wa. Etí erin, orọ́, òdúndún, àwọn kan tó rí róbótó tí mi ò mọ orúkọ wọn — ogún ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ọkọ mi ló fà á tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kó dé Okere ní Warri níbí, ó dúró wò wọ́n, ó ní, ọwọ́ obìnrin yìí mà tutù o. Oṣù mẹ́jọ rèé. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Júláì

Fọláwẹ̀mí ti ilé-ìwé dé, ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Ọlọ́wọ́-tútù. Ó wọlé, ó ní, "Mummy, Aunty Ṣìkẹ́ own fine pass our own." Ọmọ tí mo fi inú mi bí! Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Obìnrin náà tún na ọrùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo àbámodá yẹn." Mo ní a dúpẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìkẹta rèé. Ṣé mo ránṣẹ́ pè é ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Júláì

Ọlọ́wọ́-tútù ń kọ́ Godwin tó ń ṣọ́ ilé wa ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewé. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Ó ní omi ló ń pa irú ewé báyìí, pé wọ́n ti ní omi nínú tẹ́lẹ̀. Kí ìkòkò ní ihò nídìí. Kí iyanrìn pọ̀ ju ilẹ̀ dúdú lọ. Kí wọ́n má sí lábẹ́ òjò Warri yìí. Èyí tó bá ti ń rà, kí a fi abẹ tó mọ́ gé e títí a ó fi kan ibi tó funfun, kí a fi eérú pa á, kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin kí a tó tún un gbìn. Godwin pariwo: "So na water dey kill am? See this life!"

Mo jókòó sórí ibùsùn. Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú bisimilláì.

Mo lọ mú abẹ. Mo gé, mo gé, dúdú náà kò tán. Ó ti wọnú igi.

Mo mọ̀, ohun tó fẹ́ sọ fún mi náà nìyẹn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Júláì

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rìn dé ibi ìkòkò rẹ̀, kí n kàn wò. Lẹ́yìn táǹkì omi, ó fi ọ̀rá bo kékeré kan. Mo ṣí i.

Àbámodá! Ewé mẹ́fà, ó ń dán gbinrin. Ogún ìkòkò kò tó o. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní tí òun ò ní, ó ti lọ wá a, ó sì ń fi í pa mọ́ títí yóò fi gbé e jáde kó fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Ìlara ń pa mí. Mo kọ ọ́ síbí, òótọ́ ni. Búùtà wà lọ́wọ́ mi. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Júláì

Mo tún dà á.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júláì

Mo tún dà á. Mo fi ọ̀rá dí ihò ìdí rẹ̀. Àsítágífúrúlà.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Júláì

Mo ń dà á lọ́wọ́ ni géètì dún. Ṣọ́ọ̀ṣì tètè jáde lónìí. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, mo wọlé. Ewé ìsàlẹ̀ ti ń rọ̀. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì

Moshood ń wá búùtà. Mi ò rí i.

Ọjọ́rú, 16 Júláì

Àbámodá Màámi wó lulẹ̀. Ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ̀yìntọlá pè láti ilé: "Ewé Màámi ńkọ́?" Mo ní ó wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Júláì

Fọláwẹ̀mí wọlé pẹ̀lú ẹkún. Ó ní ìkòkò kékeré Aunty Ṣìkẹ́ ti rà. Mo ní kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

"Na our own, Mummy. The leaf wey fall for April, na me carry am give am. She say make I no tell you. She wan give you for Grandma prayer."

Láti Épírì! Ó rí i pé tèmi ń kú lọ, mi ò gbà kó fọwọ́ kàn án, ló bá ń tọ́ ọmọ rẹ̀ dè mí. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tèmi ló ṣẹ̀. Màámi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júláì

Ó kí mi nígbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo dá a lóhùn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Júláì

Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, búùtà wa ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti nù ún gbẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abọ́ kékeré kan, iyanrìn gbígbẹ nínú rẹ̀, ewé àbámodá kan lórí iyanrìn. Ìdajì ewé náà ni. Wọ́n ti gé ibi tó rà kúrò, wọ́n fi eérú pa ojú ibẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Ọmọ mẹ́rin ti ń yọ létí rẹ̀, wọn ò ju orí ìṣáná lọ.

Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ abọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bomi rin ín o."

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo fi búùtà sílẹ̀ nídìí táǹkì ló ti mọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló fi ń kí mi ẹ káàárọ̀.

Aago márùn-ún ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Aago mẹ́ta ló lù yìí. Orí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí.